Omi Inú Ìkòkò Ìbídùn

Ìbídùn kọ́kọ́ tú páìpù bàbà tí Lébí fi ń sá aṣọ. Ó ká ṣòkòtò méjì àti táwẹ́ẹ̀lì kan tí iyọ̀ ti sọ di páálí kúrò lórí rẹ̀, ó jù wọ́n sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì jókòó ti okùn tí wọ́n fi so páìpù náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Okùn náà ti gan pátápátá. Kò gé e. Lórí òkun, èèyàn kì í gé okùn tó ṣì dára. Ó ń fi ìdí ṣíbí tú kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ rọra ń ṣiṣẹ́.

“Arábìnrin Ìbídùn,” ohùn kan wí láti inú àpótí funfun tí wọ́n kàn mọ́ ìdí òpó ìgbòkun, “ẹ ń tú ohun èlò ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ń tú ibi tí Lébí ń sá ṣòkòtò sí.”

“Mo ti kọ ọ́.”

Alákòóso ni orúkọ tí òfin pe àpótí náà. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú Ọ̀pẹ́ẹ̀rẹ́, ọkọ̀ wọn, ń pè é ní Ọ̀gá Àpótí. Kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ la òkun kọjá láìgbé ọ̀kan dání. Kì í jẹun, kì í sùn, kì í ta ìgbòkun, kì í gbá omi kúrò nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ló ń kọ. Ọwọ́ rẹ̀ sì dé ìdí ìtọ́kọ̀. Ọ̀pá irin kan wà níbẹ̀ tó nípọn tó àtàǹpàkò, ó dúró lórí ihò rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀pá náà bá wọ ihò, kò sí ọwọ́ ọmọ èèyàn tó lè yí ìtọ́kọ̀ padà mọ́. Àpótí ni yóò máa darí ọkọ̀ lọ síbi tó bá wù ú.

Àná ni ẹ̀rọ omi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn kankan. Ìbídùn mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ: ó ń fa omi òkun, ó ń fi agbára tì í gba inú awọ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi lè kọjá, iyọ̀ kò lè kọjá. Ó ti fi etí lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti fọwọ́ kan páìpù rẹ̀, ó ti wo omi iyọ̀ tó ń dà jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ le koko. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ló parí. Afẹ́fẹ́ ti fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko láàárín òkun kí ó tó padà, ìgbòkun wọn rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni ọjọ́ tí Kọ́ńpìnì tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sínú rẹ̀ fi bá wọn lójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀.

“Ìwé àṣẹ ẹ̀rọ yìí ti parí,” Ọ̀gá Àpótí ti sọ. “Ẹ gbé e wá sí èbúté tó sún mọ́ yín jù lọ fún àyẹ̀wò.”

“Èbúté wo?” Lébí ti bi í. “Wo ọ̀tún. Wo òsì. Ṣé o rí èbúté?”

“Bàhíà ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.”

“Kí la ó wá máa mu fún ọjọ́ mẹ́wàá?”

“Lítà mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú tánkì. Bí ó bá dín sí ogójì ní ọ̀sán gangan, n ó darí ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Omi fún ààbò yín.”

Fún ààbò yín! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jó Ìbídùn nínú títí di àárọ̀ yìí. Gbogbo ará Ayétìtun, ìlú wọn, ló mọ Erékùṣù Omi. Kì í ṣe erékùṣù gidi, irin ni Kọ́ńpìnì tò jọ sójú agbami. Ọkọ̀ mẹ́rin láti Ayétìtun ló ti débẹ̀, kò sí èyí tó padà. Àwọn tó ni wọ́n ló padà, nínú ọkọ̀ Kọ́ńpìnì, pẹ̀lú àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n sì sọkalẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọdún méje ni wọ́n fi kan Ọ̀pẹ́ẹ̀rẹ́. Nígbà tí òkun gbé ilẹ̀ ìlú wọn lọ tí wọ́n ń kó ilé sórí àgbá tó léfòó, pákó ilé tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n kó jọ fún un. Ìlẹ̀kùn yàrá ìyá Ìbídùn ló di ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìdí ọkọ̀. Ojú ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Ìyẹn ni Kọ́ńpìnì fẹ́ gbà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Ìbídùn ti mú sukudíráfà, ó ti fi ẹnu rẹ̀ kan èdìdì pupa tó wà lára ẹ̀rọ omi. Lẹ́yìn èdìdì yẹn, wáyà kan ṣoṣo ló wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọjọ́ ti pé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa gbà á. Lébí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ pé, “Ẹ ja á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ja á, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀.”

Bàbá Ọmọjùwà, ọ̀gá ọkọ̀, ló fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá Ìbídùn ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í pariwo.

“Ìbídùn. Bí o bá ja èdìdì yẹn, ọ̀pá á ti wọlé kí o tó gbé ọwọ́ kúrò. Ohun tí wọ́n ń retí kí a ṣe gan-an nìyẹn.”

Ó gbé sukudíráfà sílẹ̀, ó sì fi ìbínú sùn. Àárọ̀ yìí, bó ṣe ń fi omi òkun bọ́jú tí iyọ̀ ń ta á lójú, ló rántí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀: àgbá lórí iná, páìpù tó gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá, àti ògógóró tó ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ó dìde láìnu ojú.

“Bàbá,” ó wí, “òfin ní a kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ wọn. Ṣé ó ní a kò gbọdọ̀ ṣe tiwa?”

Bàbá Ọmọjùwà ti há òfin òkun sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó kọ ọ́. Ó ronú, ó ń họ irùngbọ̀n rẹ̀.

“Kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala kan tilẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n kọ nígbà tí kálukú ṣì ń wá omi ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá fi omi tó ṣe fúnra rẹ̀ dúró lókè ogójì títí di ọ̀sán gangan ti ọjọ́ kejì, orísun omi ni wọ́n ó ka ohun èlò rẹ̀ sí. Ọ̀pá kò ní iṣẹ́ kankan lórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látàná?”

“Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ yìí tó lè ṣe omi.”

Ìdí nìyẹn tó fi ń tú páìpù. Lítà mẹ́tàlélógójì ló kù nínú tánkì. Ọ̀sán òní yóò kọjá láìdín sí ogójì. Ọ̀sán ọ̀la ni wàhálà.

Ó gbé ìkòkò tó tóbi jù sórí ààrò oòrùn. Jígí ńlá kan tó kòtò bí àwo ni ààrò náà, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sí ìdí ìkòkò, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ kọ́ lórí irin méjì tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún fì sósì, ìkòkò yóò dúró gbọnrangandan. Ó bu omi òkun sí i dé ìdajì, kò bù ú kún, nítorí ìgbì tó bá gbọ̀n ọ́n lè ta omi iyọ̀ sínú páìpù, gbogbo iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Nítorí ìyẹn kan náà, ó jẹ́ kí ọrùn páìpù kọ́kọ́ lọ sókè ní ìwọ̀n apá kan kó tó tẹ̀ wálẹ̀. Ooru omi tó bá gun òkè yẹn, omi gidi ni. Èyí tó bá wúwo á padà sínú ìkòkò.

“Kí la ó fi dí ẹnu rẹ̀?” Lébí béèrè. “Nílé, amọ̀ ni.”

“Lọ tẹ ẹ̀bà. Kó le dáadáa. Fi omi òkun tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ̀bà oníyọ̀! Ṣé mo ní iyọ̀ ò tó ni?” Ṣùgbọ́n ó lọ tẹ̀ ẹ́. Ìbídùn sì fi ẹ̀bà náà lẹ ìdérí mọ́ ìkòkò yípo, ó lẹ ìdí páìpù pẹ̀lú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń mọ ilé. Ó ti ní kí Lébí lọ ṣan páìpù kó tó fi í sí àyè rẹ̀. Ọpọ́n ìfọṣọ ló gbé sábẹ́ rẹ̀ fún omi tútù. Iṣẹ́ Lébí ni láti máa da èyí tó bá gbóná nù, kó máa bu òmíràn látinú òkun.

Òjìji ìgbòkun wá bọ́ sórí jígí. Bàbá Ọmọjùwà kò dúró kí wọ́n sọ fún òun. Ó tú okùn díẹ̀, ìgbòkun yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn padà sórí ààrò.

“Ọkọ̀ ti dín eré,” Ọ̀gá Àpótí wí.

“Mo mọ̀,” bàbá dáhùn.

Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé díẹ̀, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Páìpù gbóná lókè, ó tutù nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkán kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó so rọ̀, ó wárìrì bí ọkọ̀ ṣe ń fì, ó bọ́ sínú ife. Tó. Òmíràn tẹ̀lé e. Tó. Lébí patẹ́wọ́.

“Arábìnrin Ìbídùn,” àpótí wí, “mo rí ìkòkò tí wọ́n dé, páìpù tó tẹ̀, àti omi tútù. Àwòrán yìí jọ ẹ̀rọ ìpọntí. Òfin kò gbà á lórí òkun.”

Ìbídùn yíjú sí i. “Omi ni mò ń ṣe.”

“Ẹ dà á sí ẹnu tánkì kí n tọ́ ọ wò.”

Gbogbo omi tó bá fẹ́ wọ tánkì ló gbọ́dọ̀ gba ibi kan tó dà bí àrọ, níbẹ̀ ni àpótí ti ń tọ́ ọ wò. Ìbídùn gbé ife àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó tilẹ̀ ti ń ro ọ̀rọ̀ tí yóò fi sín àpótí náà jẹ. Ó dà á sí i.

“Kò sí iyọ̀,” àpótí wí. “Ọtí wà nínú rẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ ìpọntí ni. Ọ̀pá yóò wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àyàfi tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní àlàyé.”

Ìbídùn gbé ife òfìfo náà sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Lébí. Bàbá Ọmọjùwà náà wò ó. Lébí ń wo òkun bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

“Lébí.”

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí lo fi ṣan páìpù yẹn?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣan án.”

“Kí lo fi ṣan án?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, nílé ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń fi omi lásán ṣan páìpù tuntun nílé? Ìyá yín fúnra wọn, ife ògógóró kan ni wọ́n máa ń dà sí i kí wọ́n tó gbé e kaná, kó má bàa jẹ́ kí ọtí ní ìtọ́wò bàbà. Mo ṣe é bó ṣe yẹ.”

“Bó ṣe yẹ! Lébí! Omi là ń sè!”

“Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára ni!”

“Níbo lo ti rí ògógóró?”

Lébí fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀ kúrò lórí pákó tó dúró lé.

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ,” àpótí wí.

Lókè ìdí ìtọ́kọ̀, ọ̀pá irin náà yọ díẹ̀ kúrò nínú àpò rẹ̀, epo ń dán lára rẹ̀. Ìbídùn wò ó. Ìbínú tó gbà á nígbà yẹn pọ̀ débi pé ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ó bínú sí Lébí, ṣùgbọ́n èyí kò pẹ́. Ó bínú sí ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì níbi tí omi ti ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le pa ara rẹ̀ lórí àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ, tó tún kọ ọ́ pé bí wọ́n bá wá omi fúnra wọn, kí wọ́n pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

“Gbọ́ mi,” ó wí fún àpótí. “Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn? O ní ojú. O ń rí i nígbà tí mo ń bù ú.”

“Omi òkun ni.”

“Kí ni mo fi kún un?”

“Ẹ kò fi nǹkan kan kún un.”

“Ṣé omi òkun máa ń di ọtí?”

Ìgbì lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Rárá.”

“Bí ìkòkò kò bá lè pọn ọtí, báwo ló ṣe jẹ́ ẹ̀rọ ìpọntí?”

“Ọtí wà nínú ohun tí mo tọ́ wò. Mo ní láti mọ ibi tó ti wá.”

Bàbá Ọmọjùwà yíjú sí Lébí. Ó kàn na ọwọ́.

Lébí mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fa ìgò kan jáde tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé. Ó ti mu ún kọjá ìdajì. “Mo gbé e pamọ́ de ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ká lè fi kí ilẹ̀.” Ó gbé ìgò náà lọ síwájú ojú dúdú tó wà lára àpótí. “Òun nìyí. Nílé ni wọ́n ti pọn ọ́n, ìwé àṣẹ àwọn tó pọn ọ́n pé. Èmi ni mo fi ṣan páìpù. Ìkòkò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.” Ó ṣí i, ó dà á sójú òkun láìtọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì korò bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún.

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n tún tọ́ ọ wò,” àpótí wí.

Ife kejì kò tíì kún. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ń wo ìkán kọ̀ọ̀kan. Tó. Ooru omi gbígbóná ti ń fọ páìpù láti ìgbà tí ìkòkò ti ń hó. Ó mọ̀ pé ọtí máa ń ṣíwájú omi jáde. Ohun tí gbogbo apọntí mọ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Nítorí náà ó da ohun tó wà nínú ife náà nù, ìka méjì omi tó dára, ọkàn rẹ̀ sì fà á bó ṣe ń lọ. Ó tún gbé ife síbẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ó ti rí omi tó kún ìdérí ìgò kan. Ó gbé e sáré, ó dà á sínú àrọ.

“Kò sí iyọ̀,” àpótí wí. “Kò sí ọtí. Omi mímu ni.”

Ọ̀pá irin náà padà sínú àpò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó yọ̀. Iṣẹ́ ló kù. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, wọ́n ń yí jígí tẹ̀ lé oòrùn. Lébí ń da omi ọpọ́n nù, ó ń bu òmíràn, apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kò sì ráhùn, nítorí kò ní ẹnu láti fi ráhùn. Ẹ̀bà ẹnu ìkòkò sán lẹ́ẹ̀mejì, Ìbídùn fi òmíràn dí i. Ó ń da iyọ̀ tó dì sínú ìkòkò nù kó tó jóná, ó tún ń bu omi mìíràn sí i. Nígbà tí oòrùn wọ̀, lítà mẹ́rin àbọ̀ ló ti wọ tánkì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n se ẹ̀wà pẹ̀lú omi òkun díẹ̀, kò sì nílò iyọ̀. Kálukú mu ife rẹ̀ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìkùukùu kan kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ìkòkò dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìbídùn dúró tì í, ọwọ́ níbàdí, ó ń bú ìkùukùu náà ní ohùn kékeré títí tó fi kọjá.

Nígbà tí òjìji òpó ìgbòkun kúrú bọ́ sí ìdí ara rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé jọ síwájú àpótí.

“Ọ̀sán gangan,” ó wí. “Lítà méjìlélógójì.”

“Wò ó dáadáa,” Bàbá Ọmọjùwà wí. “Ka èyí tó ti ìkòkò wá.”

“Lítà méje. Láìsí wọn, ìbá jẹ́ márùndínlógójì.” Ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣí ìwé tí kò ṣí rí. “Abala ìkẹyìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: orísun omi Ọ̀pẹ́ẹ̀rẹ́, ìkòkò Ìbídùn. Ọ̀pá kò ní iṣẹ́ mọ́ lórí ọkọ̀ yìí.”

Nǹkan kan dún kòkà nídìí ìtọ́kọ̀. Ọ̀pá irin náà bọ́ kúrò nínú àpò rẹ̀, ó yẹ̀ fún ihò, ó ṣubú sórí ìlẹ̀kùn ìyá Ìbídùn, ó yí gbirigbiri lọ bá ẹsẹ̀ Lébí. Lébí mú un, ó wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí á dára láti fi sá ṣòkòtò.”

Bàbá Ọmọjùwà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó fa okùn, ìgbòkun gba afẹ́fẹ́, Ọ̀pẹ́ẹ̀rẹ́ sì tẹ orí sí ọ̀nà Bàhíà. Ó bu ife omi kan látinú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, kò wọ̀n ọ́n, ó gbé e fún Ìbídùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ìbídùn mu ìdajì rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó wá gbé orí sẹ́yìn, ó da ìyókù sójú ara rẹ̀, omi tútù tí kò ta á lójú, ó gba ìpéǹpéjú rẹ̀ kọjá, ó gba ọrùn rẹ̀ wọ inú aṣọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí omi tí kò ní iyọ̀ ti kan ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

“Arábìnrin Ìbídùn,” àpótí wí, “ẹ ti da omi nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Omi tèmi ni,” ó wí.

Ó gbé ife náà padà sábẹ́ páìpù, ó sì lọ yí jígí sí oòrùn.